Bí Ọmọ Ṣe Ń Mọ Ara Rẹ̀ Sí: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí àti Olùkọ́

Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́rin léèrè pé irú èèyàn wo ni. Yóò ní òun ní bàtà pupa, òun lè sáré ju gbogbo ayé lọ, òun ti lè ka ení dé ogún, àbúrò òun ò sì lè kà á. Ẹ wá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ní ìbéèrè kan náà. Á wolẹ̀, á ní, "Èmi ò kúkú mọ̀wé." Ìyá kan náà ló bí wọn, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ fún wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún mẹ́rin dé méjìlá ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, nítorí pé apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwa òbí àti olùkọ́.

Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni ohun tí ọmọ mọ ara rẹ̀ sí: ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo ga, mo mọ bọ́ọ̀lù gbá, ìṣirò kì í yé mi. Èkejì ni bó ṣe ka ara rẹ̀ sí, ìyẹn iyì tó fún ara rẹ̀: ṣé èèyàn tó wúlò ni mí, ṣé ó yẹ kí wọ́n fẹ́ràn mi? Ọmọ méjì lè mọ ohun kan náà nípa ara wọn, kí wọ́n má sì ka ara wọn sí bákan náà. Ìṣirò lè má yé àwọn méjèèjì. Ọ̀kan á ní, "Ìṣirò le fún mi o, ẹ bá mi wá ẹni tó máa kọ́ mi," á sì lọ jẹun. Èkejì á ní, "Mi ò lè dáa láyé mi," oorun ò sì ní kùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìṣirò kan náà ni, ìtumọ̀ tí kálukú fún un ló yàtọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n William James ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1890. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ka ara rẹ̀ sí, ká mú àṣeyọrí rẹ̀, ká fi ohun tó gbé lé ara rẹ̀ lórí pín in. Ìdí nìyẹn tí akànṣẹ́ tó gba ipò kejì ní gbogbo ayé fi lè máa tijú, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ tí kò lè na ẹnikẹ́ni ń rìn kiri tayọ̀tayọ̀, torí pé kò fìgbà kan pe ara rẹ̀ ní akànṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ: ohun tí a gbé lé ọmọ lórí pé ó gbọ́dọ̀ dà lágbára lórí iyì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣe gan-an.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tó bá mọyì ara rẹ̀ á gbéraga. Mi ò fojú kéré ìbẹ̀rù yẹn, torí pé ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ la fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbéraga dáadáa. Kò lè gba ìbáwí, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí wọ́n bá yin ẹlòmíì, gbogbo ìgbà ló ń wá ẹni tí yóò gbé òun ga. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ara rẹ̀ ló rọrùn fún láti sọ pé, "Ẹ má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi."

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ọmọ dé

A kì í bí èrò nípa ara ẹni mọ́ ọmọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń kó o jọ. Ní ọdún 1972, Beulah Amsterdam ní Amẹ́ríkà kọ ohun tó rí sílẹ̀ nígbà tó fi nǹkan pupa sí imú àwọn ọmọ kéékèèké, tó sì gbé wọn síwájú dígí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan á máa bá ọmọ inú dígí ṣeré. Nígbà tó bá fi máa di oṣù méjìdínlógún sí ọdún méjì, ọ̀pọ̀ wọn á fọwọ́ kan imú ara wọn: wọ́n ti mọ̀ pé àwọn gan-an nìyẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn wá dán irú rẹ̀ wò ní Kẹ́ńyà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ju ọdún méjì lọ kàn dúró jẹ́ẹ́ níwájú dígí, wọn ò fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn onímọ̀ náà kò gbà pé àwọn ọmọ yẹn kò mọ ara wọn. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ wọn ló yàtọ̀. Mo mẹ́nu kan èyí torí àwọn òbí tó ń ka ìwé òyìnbó lórí fóònù, tí àyà wọn ń já pé ọmọ àwọn ti pẹ́ jù. Ẹ fara balẹ̀.

Láti ọdún méjì sí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ni "tèmi ni" àti "èmi náà á ṣe é." Ẹ má pè é ní olóríkunkun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun jẹ́ ẹnìkan ni, ó fẹ́ mọ ibi tí agbára òun dé.

Láti ọdún mẹ́rin sí méje, á máa fọ́nnu. Á ní òun lè gbé ọkọ̀ bàbá òun. Susan Harter, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ọmọ ọjọ́ orí yìí kò tíì lè ya ohun tó jẹ́ kúrò lára ohun tó fẹ́ jẹ́. Kò parọ́ fún yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó gbé ọkọ̀ náà.

Ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá ni ẹnu máa ń rọlẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ti gbòòrò débi tó fi lè fi ara rẹ̀ wé ojúgbà, ilé ìwé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọmọ láti orí ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ ṣe é láàárín ọdún wọ̀nyí.

Láti ọdún méjìlá, ara ń yí padà, ohùn ń fọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ di òfin. Ìwádìí lọ́pọ̀lọpọ̀ ibi fi hàn pé iyì tí àwọn ọ̀dọ́ fún ara wọn máa ń wálẹ̀ lásìkò yìí, pàápàá ti àwọn ọmọbìnrin. Bí wọ́n bá dàgbà á tún máa gòkè títí tí wọ́n á fi súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, kó tó máa wálẹ̀ nígbà ogbó, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí ara ò le mọ́, tí ẹnìkejì sì ti kú. Màmá àgbà tó jókòó sí pálọ̀ yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fún un ní ẹ̀wà ṣà, ẹ bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ kan láyé àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tẹ́tí sí ẹnu ilé yín

Charles Horton Cooley, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, sọ ní ọdún 1902 pé ojú àwọn tó yí wa ká la fi ń wo ara wa: a ń rò ó bí a ṣe rí lójú wọn, a ń rò ó bí wọ́n ṣe dá wa lẹ́jọ́, inú wa á wá dùn tàbí ojú á tì wá. Ọmọ ò ní ojú mìíràn tó kọ́kọ́ fi wo ara rẹ̀ ju tiyín lọ.

Nítorí náà, ẹ mú ọjọ́ Sátidé kan tí gbogbo ilé wà nílé. Láàárọ̀ títí dalẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹnu yín, ti àǹtí, ti ẹ̀gbọ́n àti ti olùrànlọ́wọ́ ilé ń pe ọmọ náà. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé bí wọ́n ṣe jáde. Olódo. Aláìnítìjú. Orí ẹ ò pé. O ò lè dà bí ẹ̀gbọ́n ẹ láé. Bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lálẹ́, ẹ kà á sókè fún ara yín nínú yàrá, kí ọmọ má sí níbẹ̀. Ó máa ń wúwo láti kà.

Ilé ìwé náà ní tiẹ̀. Ta ni kò mọ orin "Olódo rabata, ojú ẹja ló mọ̀ ọ́n jẹ"? Olùkọ́ tó bá ní kí gbogbo kíláàsì fi kọrin fún ọmọ kan rò pé ìtìjú á jẹ́ kó kàwé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ọmọ náà ní orúkọ, ọmọ á sì máa jẹ́ orúkọ náà títí. Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí orin yẹn kú.

Ìbáwí kò lọ sí ibì kankan. Ohun tó yí padà ni ibi tí a darí rẹ̀ sí: a kúrò lórí ọmọ, a bọ́ sórí ohun tó ṣe.

Dípò "olódo ni ẹ́," ẹ sọ pé, "Ìbéèrè mẹ́ta ni o kùnà níbí, mú ìwé rẹ wá."

Dípò "ọ̀lẹ ni ẹ́," ẹ sọ pé, "Abọ́ ṣì wà nílẹ̀. Fọ̀ wọ́n tán kó o tó jáde."

Dípò "òpùrọ́," ẹ sọ pé, "Ohun tó o sọ yìí kì í ṣe òótọ́. Padà lọ síbẹ̀rẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ."

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn tuntun wọ̀nyí tún le ju ti àtijọ́ lọ fún ọmọ láti sá fún. Ẹni tí a pè ní ọ̀lẹ lè jókòó kó máa ṣe ọ̀lẹ rẹ̀ lọ. Ẹni tí a ní kó fọ abọ́ gbọ́dọ̀ fọ abọ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé ló mọ ọwọ́ òsì lò, tí wọ́n sì ń fi ti ọ̀tún sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, ẹ pè é kó wá bá yín jẹun, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn. Ẹ má sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ létí àlejò. Ìtìjú tí ọmọ jẹ níwájú àlejò máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ẹgba lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó jẹ́ iṣẹ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí jù. Lọ́dún 1977, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, to ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gbà pé òun lè ṣe nǹkan: kó ti ṣe é rí, kó rí ẹni tó dà bí òun tó ṣe é, kí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé sọ fún un pé ó lè ṣe é, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí lásìkò náà, bóyá ó ń gbọ̀n tàbí ó balẹ̀. Àkọ́kọ́ yẹn ló lágbára jù. Ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ẹ bá fi gbogbo ọdún sọ kò tó abọ́ dòdò kan tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín.

Ẹ jẹ́ ká fi dòdò náà ṣe é. Ọmọ yín jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọkùnrin tàbí obìnrin, torí pé ọmọkùnrin tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ ò ní iyì tó pọ̀ láti fún ara rẹ̀ bó bá kúrò nílé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á gé e, á fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀yin lẹ máa dín in, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe jáde lẹ́nu: "Mo sọ ẹyọ kan sí òróró ná. Ó ń hó yíká rẹ̀, ó ti gbóná tó." Nígbà tó bá tún kan dòdò, òun á máa yí i, ẹ̀yin ẹ máa sọ ọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àpótí, ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ pa ẹnu mọ́. Kó dín gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan á jó, ó dájú. Ẹ má dìde. Bó bá gbé abọ́ wá, ẹ jẹ nínú ohun tó gbé wá, kódà èyí tó dúdú, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí: "Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé jó. Àwọn tó tẹ̀lé e pọ́n dáadáa. Kí lo ṣe tó fi yàtọ̀?" Ẹ dúró de ìdáhùn. Ó lè pẹ́ díẹ̀. Á ní, "Mo dín iná kù, mà." Gbólóhùn yẹn lẹ wá síbẹ̀ fún. Ọmọ náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun kan bàjẹ́, òun rí ìdí rẹ̀, òun sì tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ronú nígbà tí ìṣirò bá bàjẹ́, tí ọ̀rẹ́ bá bínú, tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tó máa ń ba ìgbésẹ̀ yìí jẹ́ ni àtúnṣe lójú ọmọ. Ó gbálẹ̀, ẹ gba ìgbálẹ̀, ẹ tún un gbá. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ tú u, ẹ tún un tẹ́. Ẹ ò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Bí igun yàrá kan bá ṣẹ́ kù, ẹ tọ́ka sí i kó gbá a fúnra rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Ọjà náà dára fún iṣẹ́ yìí. Fún ọmọ ọdún mọ́kànlá lówó ata, tòmátò àti àlùbọ́sà, sọ iye tí o retí kó mú padà, kó sì lọ ná an. Bó bá rà á wọ́n, ẹ jọ ṣírò rẹ̀, ẹ má pariwo. Ìyá tó ń ta ata á kọ́ ọ lápá tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yin ohun tí ẹ fojú rí

Kì í ṣe gbogbo ìyìn ló ń ṣe ọmọ lóore. Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck fún àwọn ọmọ tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìbéèrè tí wọ́n lè yanjú. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ gidi. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan iṣẹ́ tó kàn, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ fẹ́ èyí tí wọn ò ní kùnà nínú rẹ̀. Wọ́n wá gbé ìbéèrè tó le gan-an fún gbogbo wọn, kí wọ́n tó padà sí èyí tó rọrùn. Àwọn ọlọ́pọlọ pípé wálẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ gidi sì gòkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pọlọ pípé tún parọ́ iye máàkì tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé sí ọmọ ilé ìwé mìíràn. Ẹ rí i: bí yíyege bá jẹ́ ẹ̀rí pé ọpọlọ mi pé, kíkùnà di ẹ̀rí pé kò pé nìyẹn, ta ló sì fẹ́ kí wọ́n rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Àsọdùn náà ní ewu tirẹ̀. Ní Netherlands, Eddie Brummelman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2014 tó fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò ka ara wọn sí gan-an ni àgbàlagbà máa ń bá sọ àsọdùn jù, "èyí mà rẹwà kọjá àfẹnusọ o!" Àwọn ọmọ yẹn gan-an ló sì máa ń sá fún iṣẹ́ tó le lẹ́yìn irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n lọ sókè fún wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọwọ́ àwọn ò ní tó o mọ́.

Ìpínlẹ̀ California gbé ìgbìmọ̀ dìde ní 1986 pẹ̀lú èrò pé bí a bá ti gbé iyì tí àwọn èèyàn fún ara wọn ga, ìṣòro àwùjọ á dínkù. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Roy Baumeister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2003, wọn ò rí i pé gbígbé iyì ga nìkan ń mú kí ọmọ mọ̀wé. Ohun tó hàn sí wọn ni pé ṣíṣe dáadáa wà lára ohun tó ń bí iyì náà. Ìdí tí mo fi gbé iṣẹ́ ṣáájú ìyìn nìyẹn.

Nítorí náà ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ dárúkọ ohun tí ẹ rí. "O tún ìbéèrè kẹrin ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, o ò fi sílẹ̀." "Mo rí i bó o ṣe fún ọmọ tuntun yẹn láàyè lórí bẹ́ǹṣì." Ó tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ máa ki ọmọ yín

Bí gbogbo iyì ọmọ bá wá látinú iṣẹ́ nìkan, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ló parí. Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ọmọ nílò ìfẹ́ tí kò ní "bí o bá ṣe báyìí" nínú, torí pé ọmọ tí wọ́n ń fẹ́ràn lórí àdéhùn á kọ́ láti fi apá tí wọn ò fẹ́ lára rẹ̀ pamọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra apá náà.

Àwa ní ohun èlò fún èyí nílé kó tó dọ́dọ̀ Rogers. Àkànbí, Àjọkẹ́, Àlàbí, Àbẹ̀kẹ́: ọmọ tí kò tíì lè gbé orí dúró la ń pè bẹ́ẹ̀. Kò tíì ṣe ìdánwò kankan, kò tíì gba ipò kankan. Ìyá àgbà á wá fi oríkì ìdílé lé e, ti Oníkòyí ni o, ti Òpómúléró ni o, ọmọ á dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ tí orí rẹ̀ ń wú, kò sì ní ohun tó san fún un.

Ẹ máa ki ọmọ láàárọ̀ nígbà tó bá wá kí yín. Ẹ máà tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ àṣeyọrí. Ọjọ́ tó bá kùnà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi oríkì pè é, kí ìbáwí tó tẹ̀lé e. Bí ẹ ò bá mọ ti ìdílé yín, ẹ pe àǹtí tàbí bàbá àgbà tó mọ̀ ọ́n, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí WhatsApp. Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Houston, tí ilé ìwé ń gé orúkọ ọmọ yín kúrú torí pé ó gùn lẹ́nu wọn, ẹ kọ́ ọmọ náà láti pe orúkọ rẹ̀ fún olùkọ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ká sọ pé ní ìdá mẹ́rin: Olú-wa-tó-mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn nígbà tí olùkọ́ bá pè é dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ ìwé èsì ìdánwò

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá mú ìwé wálé. Ipò 27 nínú ọmọ 34. Ó na ìwé náà sí bàbá rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà kan tó dára láti gbé e:

"Àkànbí, wá jókòó tì mí." Bàbá kà á tán. "Yorùbá, 71. O gba 58 ní táàmù tó kọjá. Kí lo ṣe?"

"Mo máa ń ka ìwé ìtàn yẹn fún màmá àgbà lálẹ́, sà."

"Ìṣirò, 31. Níbo ló ti dojú rú?"

"Ìdá, sà."

"Ìdá wo?"

"Èyí tí ìsàlẹ̀ wọn ò bá dọ́gba."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Ajé a máa bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ."

Bàbá yìí kò dárúkọ ipò. Ipò sọ̀rọ̀ nípa ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mìíràn tí kò sí nínú yàrá náà. Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn lọ sílé ìwé mìíràn lọ́la, ọmọ yìí á di ẹni kìíní láì tíì mọ ìdá. Ó fi máàkì ọmọ wé ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó bi í léèrè ohun tó ṣiṣẹ́, ó sì lépa ìṣòro náà títí ó fi kéré tó ohun tí ọwọ́ lè mú. "Mi ò mọ ìṣirò" ti di "ìdá tí ìsàlẹ̀ wọn ò dọ́gba." Ọ̀sẹ̀ méjì lè yanjú ìyẹn. Tí ẹ bá jẹ́ olùkọ́, tí ilé ìwé sì fi dandan lé ipò, ẹ kọ máàkì táàmù tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ti táàmù yìí, kí òbí rí i.

Ìgbésẹ̀ keje: Awọ, ara àti fóònù

Harter rí i pé nínú gbogbo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wọn ara wọn, ìrísí ló súnmọ́ iyì wọn jù, ó ju ìwé lọ, ó ju eré ìdárayá lọ. Nítorí náà ẹ ṣọ́ ẹnu lórí awọ. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1940 sí 1949, Kenneth àti Mamie Clark gbé bèbí dúdú àti bèbí funfun síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kéékèèké. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló mú funfun pé òun ló dára. Iṣẹ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, tó dájọ́ ní 1954 pé kí wọ́n má ya ilé ìwé àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́.

Nílé wa, a ń sọ pé ọmọ kan dúdú bí ìdí ìkòkò, a ń pe àbúrò rẹ̀ ní òyìnbó pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, à ń bínú pé ó ń fi ìpara bóra ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Adúmáadán wà lédè wa, ẹ lò ó. Ìyá tó bá ń bóra fúnra rẹ̀ kò lè bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ yìí kó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìpara yẹn kúrò.

Ní ti fóònù, ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ya fọ́tò ara yín, ẹ fi ohun tó ń yí ojú padà sí i, kẹ́ ẹ jọ wo bí imú ṣe kéré, bí awọ ṣe ń dán. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún fi sí i. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é mọ ohun tó ń wò nígbà tó bá rí ti ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo fóònù, tiyín náà, sun pálọ̀.

Fún ẹ̀yin gan-an

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń ka èyí ni wọ́n ti pè ní olódo rí, tí ohùn náà ò sì tíì dákẹ́ nínú wọn. Dídúró níwájú dígí kí ẹ máa wí pé "ẹni ìfẹ́ ni mí" kò ní tó. Joanne Wood àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009 pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń mú kí ara tún ni àwọn tí kò ka ara wọn sí sí i, torí pé ọkàn wọn ń jiyàn rẹ̀. Ohun tí Kristin Neff, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, dábàá ṣe é ṣe jù: bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ sọ fún ara yín ohun tí ẹ máa sọ fún ọ̀rẹ́ yín tó ṣe irú rẹ̀. Ẹ ò ní pe ọ̀rẹ́ yín ní òmùgọ̀. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu nígbà tí ọmọ bá wà nítòsí: "Mo ti fi ọbẹ̀ yìí jó. Ó dùn mí. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ṣì dára nísàlẹ̀."

Nígbà tó bá kọjá agbára ilé

Ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ torí ó kùnà máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹun dáadáa, tí kò sùn tàbí tó ń sùn ṣáá, tó ti fi ọ̀rẹ́ àti eré tó fẹ́ràn sílẹ̀, tàbí bó bá ń sọ pé ó sàn kí òun má sí, tàbí tí ẹ rí ọgbẹ́ tó dá sí ara rẹ̀ lára, ẹ má dúró de ọ̀la. Ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu ọmọ kì í ṣe àwàdà, kì í sì í ṣe ẹ̀mí burúkú tí a fi pàṣán lé jáde. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ kó oògùn àti kẹ́míkà tí a fi ń pa ẹ̀fọn kúrò nítòsí, ẹ sì lọ bá dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, àti ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú rẹ̀. Ẹ̀rù orúkọ Aró ti dá ọ̀pọ̀ ìdílé dúró sílé títí ó fi pẹ́ jù. Àwọn èèyàn tó ń lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́ ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, wọ́n sì ń padà sílé wọn. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kíyè sí i sílẹ̀, ohun tí ọmọ sọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń sùn, àti oògùn tó bá ń lò. Ẹ fún dókítà ní ìwé náà, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ bá dókítà sọ̀rọ̀ láìsí yín nínú yàrá náà.